Èmi Ni Mò Ń Tọ́ Nono Wò fún Màmá

Nono tó ti bàjẹ́ ni mo fi ṣíbí bù sẹ́nu, ó sì dùn bí oyin. Mo gbé e mì. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Mo ní, “Ó dára, Màmá. Ẹ máa mu ún.”

Ó mu ún tán. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti gbé e dé ọsibítù.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 2010, ní Jikwoyi, lẹ́bàá olú ìlú wa. Màmá kì í ṣe ìyá mi, kì í sì í ṣe ìyá àgbà mi. Aládùúgbò wa ni, opó láti ìhà Kogi, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kí ara wọn ní “Ọkun o”. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wa. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì kan nígboro. Kó tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, ilẹ̀ á ti ṣú. Èmi nìkan lọmọ. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, kọ́kọ́rọ́ ilé wa wà lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n n kì í ṣílẹ̀kùn. Ilé tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀ máa ń dún létí mi. Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo máa ń gbà lọ.

Láti ẹnu géètì ni mo ti máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Rédíò ló ń bá jiyàn. Tí asọ̀rọ̀mágbèsì bá sọ pé iná máa dúró, Màmá á ní, “Níbo? Lójú àlá rẹ?” Yàrá rẹ̀ ń rùn fún káfúrà àti kẹrosíìnì. Lẹ́yìnkùlé, nínú ìkòkò amọ̀ ńlá kan tí wọ́n rà ní Ushafa, ni igi àgbáyun rẹ̀ wà. Ó ga tó èjìká mi, èso rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò ju ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ.

Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe Màmá. Ohun méjì ló fẹ́ràn jù láyé, nono tí í ṣe wàrà àwọn Fúlàní, àti àgbálùmọ̀, méjèèjì sì kan. Tẹ́lẹ̀, ṣúgà ló máa ń dà sínú nono. Dókítà ní kó má dán an wò mọ́. Àgbáyun ló gbà á. Á ju ẹyọ kan sẹ́nu, á yí i kiri títí ẹran ara rẹ̀ á fi tán, á tu kóró dànù. Lẹ́yìn náà, ohunkóhun tó bá kan á di dídùn fún bíi wákàtí kan.

“Kò ní ṣúgà kankan,” ó máa ń sọ fún mi. “Irọ́ ló ń pa fún ahọ́n. Ṣùgbọ́n irọ́ tí dókítà fọwọ́ sí ni.”

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti sọ fún un pé kó máa jẹ àwọn èso kéékèèké. Bí Màmá ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí: “Ó ní ó ń jẹ́ kí inú ṣiṣẹ́. Ó ní ó ń jẹ́ kí egbò tètè jinná. Ó ní kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè bíi bisikíìtì. Àmọ́ ó ní kò rọ́pò oògùn mi o.” Ó wá rẹ́rìn-ín. “Nígbà tí à ń ká a nínú igbó nílé, ta ló mọ gbogbo ìyẹn? Ebi ló ń pa wá.”

Ní ìgbà dínyà, èso dúdú tí àwọn Hausa máa ń tà nínú abọ́, a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa jẹ ẹ́ títí ahọ́n wa á fi dà bí ẹni mu íǹkì.

Láràárọ̀, obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé igbá nono kọjá.

“Sànnu, Mama!”

“Yauwa. Ti òní ni àbí ti àná?”

“Kai, Mama! Na today own.”

Ibi tí mo ti wúlò nìyí. Àìsàn kan ti pa imú Màmá, kì í gbóòórùn mọ́. Ó mọ̀ pé nono kan, kò mọ èyí tó ti bàjẹ́. Nítorí náà, tí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mò ń tọ́ ọ wò, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àgbáyun.

“Kíkan méjì ló wà,” ó kọ́ mi. “Ọ̀kan á fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Èkejì á dì ọ́ lọ́fun mú. Tí o bá rí èkejì, dà á nù, má bi mí.”

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní Life Camp, lódìkejì ìlú. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá, kì í sì í pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ̀ ń dá gbé.”

“Èmi àti rédíò ni.”

“Tí ẹ bá tún ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí, ẹ̀ ń bá mi lọ nìyẹn.”

“Mo gbà. Ṣùgbọ́n ilé tèmi ni mo wà yìí o, ibi tí mo ti ń pàṣẹ fún ara mi.”

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé ilé yẹn wà lórí ahọ́n mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò síná fún ọjọ́ kẹta, onínono ò sì wá. Ti àná ló kù. Ọsàn kíkan kan wà nínú báàgì mi. Kí n tó wọlé, mo yà sẹ́yìnkùlé, mo já àgbáyun kan, mo lá a, mo fi mu ọsàn. Ìgbà tí Màmá pè mí láti wá tọ́ nono wò, ẹnu mi ṣì dùn. Imú mi sọ nǹkan kan. Ahọ́n mi sọ òmíràn. Ahọ́n ni mo gbà gbọ́, nítorí pé tí mo bá gba imú gbọ́, màá ní láti jẹ́wọ́ èso.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé wa. Èmi ni mo di ike mú lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bó ṣe ń bì. Ọmọ rẹ̀ bá wa ní wọ́ọ̀dù, ó ń mí gúlegúle.

“Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ ni, Màmá?” nọ́ọ̀sì béèrè. “Ṣé ẹnì kankan ò tọ́ ọ wò?” Ó wò mí.

Mo la ẹnu. Kò sóhùn níbẹ̀.

“Èmi ni mo tọ́ ọ wò,” Màmá ní. “Ahọ́n mi ló tàn mí.”

Ọmọ rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ rí i báyìí?” Dókítà pẹ̀lú ní kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n kó rédíò, wọ́n kó ìkòkò. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn ilé wa, mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù títí Mọ́mì fi dé.

Ẹ̀ẹ̀kan ni Mọ́mì mú mi lọ kí i. Gbogbo ará ilé ti lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, kò bá a jiyàn. Nígbà tí Mọ́mì jáde lọ gba ìpè, mo jẹ́wọ́ àgbáyun yẹn fún un.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Mo rí kóró rẹ̀ àti èèpo ọsàn nídìí ìkòkò.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Màmá?”

“Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pe ọmọ tó bá gbé oúnjẹ fún arúgbó, tí arúgbó sì dákú? Àjẹ́ ni. Èmi pàdánù ilé. Ìwọ, orúkọ yẹn ni ì bá tẹ̀ lé ọ dàgbà.” Ó fọwọ́ pa mí lórí. “Jókòó dáadáa. Má sunkún, ìyá rẹ ń bọ̀.”

A ò pàdé mọ́. Orí fóònù ni Mọ́mì ti gbọ́ pé ó ti lọ.

Àwọn ènìyàn ṣì máa ń bi mí bóyá òótọ́ ni oore tí wọ́n ní ó wà nínú àgbáyun. Mo máa ń ní òótọ́ ni. Ohun tó kù lára mi kì í ṣe dídùn rẹ̀. Ìṣẹ́jú yẹn ní wọ́ọ̀dù ni, tí nọ́ọ̀sì ń wò mí, tí mo la ẹnu lásán. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo máa ń tètè dáhùn, kí ẹlòmíràn má baà dáhùn fún mi.