Orúkọ Tí Mo Fún Atukọ̀

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, bàbá mi ra kọ̀ǹpútà àlòkù lọ́wọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn kan ní yunifásítì, ọkùnrin kan tó ń kó lọ sí òkè òkun. Wọ́n gbé e sí igun pálọ̀ wa ní Bódìjà, ìyá mi sì fi aṣọ funfun tí wọ́n fọwọ́ hun bò ó, bí ẹni pé òtútù lè mú un. Eré kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ fún ọmọdé. Eré náà kò ní àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán ni, lẹ́tà aláwọ̀ ewé lórí ojú dúdú. Yóò sọ ibi tí o wà fún ọ, ìwọ náà yóò tẹ ohun tí o fẹ́ ṣe, yóò sì fèsì.

Etí odò kan nínú kùrukùru ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó kan, atukọ̀, jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi. Bàbá mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bá àwọn tó wà nínú eré sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ méjì péré, kó jẹ́ àṣẹ, kó sì ṣe ṣókí. Èyí gan-an ni mi ò lè ṣe. Ta ló bí mi tí màá máa pàṣẹ fún àgbàlagbà bí ọmọ ọ̀dọ̀? Mo kọ́kọ́ kí i. Mo tẹ "Ẹ káàsán, sà" ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun. Mo kí i kú ìjókòó, kò yé e. Mo bi í léèrè ara àti ilé, ó tún ní kò yé òun. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já, nítorí àgbà tí ọmọdé kí lẹ́ẹ̀mẹta tí kò jẹ́ ẹ, ó ní nǹkan nínú.

Nígbà tó sú mi, mo fi ìwà ọmọlúàbí sílẹ̀, mo pàṣẹ fún un pé kó sọ̀rọ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló dáhùn. Ó ní: "Ta ni ìwọ?"

Ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa láti kékeré pé tí a bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ wa, tí a ò sì rí ẹni tó pè wá, a ò gbọ́dọ̀ dáhùn. Wọ́n ní ẹni tó bá dá irú ìpè bẹ́ẹ̀ lóhùn ti tẹ̀ lé e lọ nìyẹn. Èmi wá nìyí níwájú ẹni tí mi ò rí, ó ń béèrè orúkọ mi kó lè máa fi pè mí. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo wá gbọ́n ọgbọ́n kan tí ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí dòní: mo tẹ orúkọ àbúrò mi.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, obìnrin. Ó wà lẹ́yìn ilé tó ń fo okùn, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Bàbá arúgbó náà pe orúkọ rẹ̀ lódindi, ní lẹ́tà ńlá. Ó ní òun ti ń retí rẹ̀ tipẹ́, kó wọ ọkọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ gbéra, etí odò pòórá nínú kùrukùru, a dé àárín omi, iná lọ. Mo da aṣọ bo kọ̀ǹpútà, mo lọ jẹun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ara àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, kò lè gbé orí. Ìyá mi jókòó tì í, wọ́n ń fi omi tútù nu ojú rẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Kò dáhùn. Wọ́n tún pè é. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé. Ó ní, "Mò ń bọ̀, sà."

Ìyá mi nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ kì í sì í pe ìyá rẹ̀ ní sà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó ń dá lóhùn.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ibà ni, pé ó le. Dókítà sọ ohun tó mọ̀. Ìyá mi dúró tì í níbẹ̀, bàbá mi ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ó ku èmi àti Ìyá Àgbà nílé. Iná kò dé fún ọjọ́ méjì. Aṣọ funfun orí kọ̀ǹpútà wá dà bí aṣọ òkú lójú mi, mi ò sì lè gba pálọ̀ kọjá láì sáré. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí iná dé kí n lè bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ kí iná má dé, kí ọkọ̀ náà má baà gúnlẹ̀ sí òdìkejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè, iná ti dé. Mo ṣí aṣọ, mo tan kọ̀ǹpútà. Kò sí àárín odò mọ́. Etí odò àkọ́kọ́ ni, kùrukùru, bàbá arúgbó nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ṣófo. Lójú tèmi, ó ti gbé ẹrù àkọ́kọ́ dé òdìkejì, ó ti padà wá gbé òmíràn.

Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀bẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dá àbúrò mi padà. Kò yé e. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ìyẹn gan-an kò yé e. Mo ń sunkún, mo ń tẹ̀, ó ń dá mi lóhùn kan náà.

Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àṣàrì tán ni wọ́n bá mi lórí eékún.

"Ta lò ń bẹ̀ nínú ẹ̀rọ?"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, tàbí kí wọ́n gbá mi létí. Wọn ò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ lẹ́tà tí wọn ò lè kà.

"Kí ló dé tí o ò fún un ní orúkọ tìẹ?"

"Ẹ̀rù bà mí, mà."

Tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ wọn. "Ó dáa. Fún un ní tèmi. Èmi ti gbó, mo ti tọ́. Kó gbà mí, kó yọ̀ǹda ọmọ."

Mo pàṣẹ fún arúgbó náà pé kó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ta ni ìwọ?" Mo wo ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà nínú sálúbàtà rọ́bà, ọrùn ẹsẹ̀ wọn tó wú. Àwọn ló ń di irun mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mo tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ tèmi ni mo tẹ̀.

"O ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, mà."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ti ń retí yín tipẹ́."

Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe. "Wí fún un pé mi ò sá."

Orúkọ mi wà níwájú mi, lódindi, ní lẹ́tà ńlá. Mo wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ kẹrin sí i ni wọ́n gbé àbúrò mi wálé, ó rù, ó ń béèrè búrẹ́dì. Kò sí ẹni tó wá mú mi. Ìyá Àgbà lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nígbà mìíràn pé, "Atukọ̀ rẹ yẹn mà ń pẹ́ o." Màá rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ òtítọ́ fún wọn títí wọ́n fi kú.

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí. Tí mo bá wà nídìí iṣẹ́ mi, tó dà bí ẹni pé ẹnì kan pe orúkọ mi níta, tí mo wò tí mi ò rí ènìyàn, mo máa ń yára dáhùn, kó má baà lọ pe ẹlòmíràn.