Pátákó Igi Àràbà

Kò sí òkun ní Ọ̀yọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi rò pé orí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti dàrú nígbà tó ti Èkó dé, tó ní òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí pátákó kí ìgbì òkun máa gbé èèyàn sáré bọ̀ létí omi. Káfíńtà ni. Iṣẹ́ ilé àwọn òyìnbó kan létí òkun ló gbé e lọ, àwọn ló sì kọ́ ọ. Ó ku ọdún díẹ̀ ká wọ 1990. Wọ́n ń kó ẹgbẹ́ jọ tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè wa, tí yóò bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn díje lókè òkun, wọ́n sì ti mú un mọ́ wọn. Kálukú ni yóò mú pátákó tirẹ̀ wá.

Ìrẹsà ló ti lọ ra igi àràbà, torí pé ó fúyẹ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ló ti fi ìfági fá a títí tó fi ń dán. Pátákó náà gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ díẹ̀. Màmá wa, tí kò fojú kan òkun rí, ló ń bá a fi àdín pa á.

"Tí omi yẹn bá gbé ọ lọ, mi ò ní í wá ọ o," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì tún bu àdín sí i.

Ó lọ parí iṣẹ́ ilẹ̀kùn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Màmá ṣubú, wọn ò sì dìde mọ́. Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ náà gan-an la gbọ́dọ̀ sin wọ́n. Pátákó tí mọ́sáláṣí fi ń wẹ òkú ti là, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ṣèlérí tipẹ́ pé òun á ṣe tuntun fún wọn. Bí àbúrò bàbá wa ṣe rí pátákó gígùn tó fara ti ògiri, ó ní, "Àlùhámúdù lílàì, ọmọ yìí ti ṣe é." Mo wà ní yàrá, mò ń sunkún. N ò mọ ohun tí wọ́n ń gbé kọjá.

Wọ́n ti sin Màmá tán kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Pátákó náà ṣì tutù.

"Bàbá, kí lẹ fi pátákó mi ṣe?" ó bi àbúrò bàbá wa.

"Ohun tó o ṣe é fún náà ni. Ó gba màmá rẹ dáadáa. Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san."

Ó jókòó sílẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé pátákó náà, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Inú bí mi débi pé ó kù díẹ̀ kí n bú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Bàbá náà ò mọ̀. Ta ló rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí ládùúgbò wa?

Mo ní kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbé e máa lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní Màmá fẹ́ kó lọ.

"Ibi tí ẹ̀yìn màmá mi kàn kẹ́yìn," ó ní, "ẹsẹ̀ mi ni kí n wá gbé lé e?"

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí mọ́sáláṣí. Kò sí àyè láti gbẹ́ òmíràn mọ́, ẹgbẹ́ náà sì lọ láìsí ẹ̀gbọ́n mi nínú wọn. Ó dùn mí wọ egungun, ó ṣì ń dùn mí.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yà kí wa. Ó ń ròyìn àwọn orílẹ̀-èdè tó wá, àsíá wọn, àti bí wọ́n ṣe na tiwa nàkunà. Ẹ̀gbọ́n mi ń fá pákó ilẹ̀kùn, kò gbójú sókè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Ṣé ìgbì ibẹ̀ ga?"

"Ó ga, bọ̀dá. Ó ga gan-an."

Ó mi orí, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi ni mo sá wọlé.