Igi bẹ́rì tí a sin ìwọ́ Àìṣá sí ìdí rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé èmi kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí. Like ni mo máa ń tẹ̀, màá sì bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà ooru tó kọjá yìí, ó sì ti pẹ́ jù nínú mi. Ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo bí Àìṣá lọ́dún tó kọjá, ìyá ọkọ mi pè láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní tí ìwọ́ ọmọ bá já, a ò gbọdọ̀ jù ú sínú bin o! Ká sin ín sí ìdí igi, kí igi náà máa jẹ́ ti ọmọ. Lọ́dọ̀ wọn, ìdí ọ̀pẹ tàbí obì ni. Ní Peckham ní London níbí ńkọ́? Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọ̀pẹ lẹ́yìn flat wa?

Aunty Monica, ìyá àgbà ará Jamaica tó ń gbé lókè wa, ló fún mi ní igi kékeré kan nínú ike. Wọ́n pè é ní tayberry. Wọ́n ní blackberry àti raspberry ló jọ bí i, pé òtútù ibí ò lè rí i gbé ṣe. Bàbá Àìṣá gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, a fi ìwọ́ sí i, a ṣàdúà, a gbin bẹ́rì lé e lórí.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ewé lásán ni. Lọ́dún yìí, ó so! Èso gígùn, pupa, tó dùn tó sì kan díẹ̀. Àìṣá á jẹ ẹ́ títí aṣọ rẹ̀ á fi pọ́n. Mo gbé fóònù sí i kí Màmá Ìsẹ́yìn lè rí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Igi ọmọ mi rèé o!"

Èso tán, wàhálà dé.

Àwọn ẹ̀ka tó so yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ewé wọn ká kò bíi bébà tí iná jó. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ikọ́ mú Àìṣá, àyà rẹ̀ ń dún bíi kettle tó fẹ́ hó. Dókítà GP wa ní virus ni, ká máa fún un lómi. Mo ń wo ọmọ, mo ń wo igi. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ò ní ronú?

Mo wá rí àwọn ọ̀mùnú kan tó ń yọ láti ìdí igi náà, wọ́n tutù yọ̀yọ̀, wọ́n sanra. Mo ní, olè nìyí! Àwọn ló ń jẹ oúnjẹ igi ọmọ mi! Mo mú ọ̀bẹ ìdáná, mo gé wọn dànù, ẹ̀gún sì ya mí lápá. Mo wá ń bomi rin àwọn tó ń gbẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Wọn ò tutù. Ikọ́ ò lọ.

Lọ́jọ́ Sunday, Màmá pe video, wọ́n sì rí igi náà lẹ́yìn mi.

"Ìyàwó, kí ló ṣe igi ọmọ mi?"

Ẹnu mi wúwo. Bó ṣe máa ń ṣe mí níwájú àgbà nìyẹn.

"Mo ní kí ló ṣe é? Àbí igi tí kò mọ bàbá, tí kò mọ ìyá, lẹ lọ sin ìwọ́ ọmọ mi sí? Ta ló gbọ́ irú igi bẹ́ẹ̀ rí?"

Wọ́n ní ká hú ìwọ́ náà, ká fi ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn. Bàbá Àìṣá ń bẹ̀ wọ́n títí. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, ó ní òun máa gbẹ́ ẹ tóun bá ti shift dé lọ́la. Mo ní kí ló fẹ́ bá níbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo àsìkò yìí? Ó ní ṣé mo fẹ́ kóun máa bá ìyá òun jà ni?

Lọ́jọ́ kejì, ó ti mú ṣọ́bìrì dání kí Aunty Monica tó ṣí fèrèsé wọn lókè. Wọ́n béèrè ohun tí bẹ́rì ṣe wá. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lóde níbẹ̀, Àìṣá ń wúkọ́ lẹ́yìn mi.

Wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ kan, wọ́n ní ikú tirẹ̀ ló kú. Ẹ̀ka tó bá ti so kì í so mọ́. Àwọn tútù tó ń yọ nílẹ̀ ló máa so lọ́dún tó ń bọ̀.

"Àwọn tútù ọ̀hún dà?"

Bàbá Àìṣá wò mí. Mo fi ojú ibi tí mo ti gé wọn hàn.

Aunty Monica ò bú mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń tú ewé abẹ́ fẹ́ǹsì. Ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀ tí mi ò rí! Ó ti fà lọ sílẹ̀, ó ti ki orí rẹ̀ bọ iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n ní ká má fà á o, ó ń ta gbòǹgbò lọ́wọ́ ni. Tó bá dúró dáadáa, a máa gé e kúrò lára ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gé èyí tí wọ́n fún mi náà nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́: "Bí wọ́n ṣe gé ìwọ́ ọmọ yín."

Bàbá Àìṣá pe Màmá lójú ẹsẹ̀. Ó ń ṣàlàyé ẹ̀ka tó so àti èyí tí kò so, Màmá ń pariwo pé òun ò fẹ́ grammar. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ó dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Èyí tó so ló kú. Ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀."

Ta ni kò mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìsẹ́yìn? Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ṣebí ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàná? Ọmọ rẹ̀ mélòó ló wà níbẹ̀?"

Mo ní ọ̀kan ló kù, pé èmi ni mo gé ìyókù. Mo ń retí èébú.

"Ṣọ́ ọ," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ikọ́ Àìṣá ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣé igi ló fà á ni? Mi ò mọ̀, mi ò sì ní purọ́ fún yín. Àmọ́ àyà mi ò tíì balẹ̀. Tí Màmá bá pè báyìí, ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni igi. Mo ti to bíríkì yí ọ̀kan yẹn ká kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká béèrè ká tó gé. Kí ojú má sì tì wá láti sọ pé ẹ̀rù ń bà wá. Aunty Monica wà lókè ní gbogbo àsìkò tí mo fi ń bomi rin igi gbígbẹ!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ sí ìlú òtútù yìí, níbo lẹ sin ìwọ́ ọmọ yín sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ nísàlẹ̀ níbí. Kó má jẹ́ èmi nìkan ni mo ń jí lójoojúmọ́ lọ wo ẹ̀ka kan ṣoṣo.