Ọjọ́ Tí Ṣíbí Dákẹ́

Ṣíbí ni ẹ̀rù wa ní ilé oúnjẹ yẹn. Kì í ṣe ariwo, kì í ṣe èébú. Bí àwàdà rẹ ò bá dùn, ẹnì kan á kọ́kọ́ fi ṣíbí kan etí àwo rẹ̀, gán-ín. Ẹlòmíràn á gbè é. Kó o tó mí lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo ilé á ti máa dún bí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, olóòtú ètò á sì rọra wá gba máìkì lọ́wọ́ rẹ, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó wá gba ọmọ lọ́wọ́ aláìsàn.

Òkókómáìkò ni ilé oúnjẹ náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Àgbádárìgì. Láàrin ọ̀sẹ̀, ìrẹsì àti pẹ́pẹ́ súùpù ewúrẹ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, màdámù tó ni ibẹ̀ á ní kí wọ́n sún tábìlì méjì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ibẹ̀ á sì di orí ìtàgé. Ópìn máìkì ni à ń pè é. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé òun lẹ́nu lè dìde. Àwọn tó ti ìjọ aláṣọ funfun bọ̀ á jókòó pẹ̀lú aṣọ ìjọ wọn, láìwọ bàtà. Àwọn ọmọ yunifásítì á ti Ìyànà-Ìbà wá. Àwọn mẹkáníìkì á wá tàwọn ti ọ́ìlì lábẹ́ èékánná.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ẹnu yà mí débi pé omi tí mo rà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó rántí pé mo rà á. Olóòtú wa, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìyànà-Ìbà, ló ń sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pariwo sórí fóònù bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni ohùn òun máa fi rìn dé Èkó. Ẹ̀rín gba gbogbo ilé kan. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó ń fi ìborùn nu ojú. Mo ń bi ara mi pé, kí lèyí? Ọ̀rọ̀ lásán ló sọ. Kò fún ẹnikẹ́ni lówó, kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Síbẹ̀, àwọn tó fi ojú líle wọlé ti ń gbá ara wọn léjìká. Ó ṣe mí bí ẹni tó rí iṣẹ́ ìyanu, tí kò sì sẹ́ni tó dìde láti kéde rẹ̀.

Nígbà yẹn, mo ti parí ẹ̀kọ́, mo ti sin ìjọba tán, mo sì wà nílé. Ẹni tó bá ti wà nílé bẹ́ẹ̀ rí á mọ̀ pé àìríṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń dunni. Ó ń dunni pé o ti di ẹni tí wọ́n ń rọra bá sọ̀rọ̀. Bàbá mi, tó ń ta àgbò àti ewúrẹ́ ní Alábà Ràgó, kò bínú sí mi rí. Ó kàn dẹ́kun bíbi mí léèrè nǹkan ni. Ó mọ ibi tí mò ń lọ lọ́jọ́ Àìkú. “Ibi ariwo yẹn” ló ń pè é. Mo máa ń rò pé ó ń tijú mi. Nígbà míì, màá rò pé bóyá kì í tiẹ̀ ronú kàn mí rárá, ìyẹn sì burú ju ìtìjú lọ. Mo mọ̀ pé mò ń rò jù. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n náà ni mo ṣì ń rò ó.

Òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tí wọ́n bá lu àwo fún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan máìkì mọ́. Kó wá jẹun, kó rẹ́rìn-ín, kó máa lọ sílé. Wọ́n ti lù ú fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà méjèèjì, àwàdà tí mo kọ́ lórí fóònù ni mo sọ, nípa ọ̀rẹ́kùnrin tí mi ò ní àti bàálù tí mi ò wọ̀ rí. Mẹkáníìkì kan tó sanra, tó máa ń jókòó sídìí fáànù, ló sì máa ń kọ́kọ́ lu tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀rù ti ń bà mí láti ilé wa ní Igbó-Elérin. Ìtìjú kọ́ ni mo bẹ̀rù. Ohun tí mo bẹ̀rù ni pé ibẹ̀ nìkan ló kù tí mo ti ń gbàgbé pé mò ń dúró de nǹkan. Bí wọ́n bá lé mi níbẹ̀, ìdúró nìkan ló kù.

Olóòtú kéde pé, “Gírádúéètì wa ti dé o! Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀ ná.”

“Mo ń fi jẹun ni,” mẹkáníìkì náà dáhùn. “Àbí kí n máa fọwọ́ bu ọbẹ̀?”

“Ẹ ṣáà fún un láyè.”

“Èmi ò bá a jà o. Àwo mi ni ò lè gba àwàdà tó bá kan mọ́ra.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gba máìkì. Mo ní, “Bàbá mi ń ta àgbò.”

Títí dòní, mi ò mọ bí ìtàn yẹn ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu. Ìtàn ilé wa ni. Màmá mi nìkan ló ń sọ ọ́, ìyẹn nígbà tí bàbá mi bá ti lọ kírun. Mo ní alhájà kan wá ná àgbò bí Iléyá ṣe kù díẹ̀, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọjà rẹ̀. Ẹ̀rù wá bà mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé àwọ̀ àgbò. Mo ṣàlàyé òjò tó rọ̀ lánàá ọjọ́ náà, ibi tí gọ́tà gbà kọjá, irú èèyàn tí alhájà jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo rí ọwọ́ mẹkáníìkì tó gbéra.

Gán-ín.

Ẹnì kan láti ìdí ògiri gbè é. Gán-ín, gán-ín.

“Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀! Kò tíì débi tó dùn.”

Kí n tó yíjú ni mo ti mọ ohùn náà. Bàbá mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ewúrẹ́ dúdú kan lẹ́nu okùn. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni màdámù ti ń ra ẹran. Ewúrẹ́ ọjọ́ Ajé ló mú wá.

Olóòtú kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. “Ẹ káàbọ̀ sà. Bàbá, ẹ mọ ìtàn náà ni?”

“Èmi ni mo ni àgbò náà.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ibi tó dùn nínú ìtàn náà ni ibi tí bàbá mi ti ṣubú, bẹ́ẹ̀ nílé wa, a kì í sọ pé bàbá ṣubú. A máa ń sọ pé ilẹ̀ yọ̀. Bí mo bá dákẹ́, ṣíbí á lé mi. Bí mo bá sọ ọ́, màá ti gbé bàbá mi sínú gọ́tà lẹ́ẹ̀kejì, lójú àwọn tó ń jẹ ẹran ọwọ́ rẹ̀.

Mo ní, “Ilẹ̀ yọ̀...”

“Rárá o,” bàbá mi ní. “Ilẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Sọ ọ́ bó ṣe rí.”

Ni mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní bàbá mi kẹ̀yìn sí àgbò, ó kọjú sí alhájà, ó ní, “Èyí? Ọmọ ọwọ́ lè fà á. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Bẹ́ ẹ bá bú u, á ní kẹ́ ẹ má bínú.” Mo ní ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn ló wà tí oníwà pẹ̀lẹ́ fi sún sẹ́yìn díẹ̀, tó sáré bọ̀, tó sì kàn án nídìí, gbì! Bàbá mi fò kọjá alhájà, ó di inú gọ́tà.

Wọ́n pariwo. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò ṣàlàyé. Mo dúró.

Mo ní alhájà figbe ta: “Yéè! Bàbá, ṣé kò sí?” Mo ní bàbá mi dìde nínú gọ́tà, ẹrẹ̀ dé irùngbọ̀n, ó nàka sí àgbò: “Ẹ ò rí i, alhájà? Ẹ wo agbára!” Kí n tó fi ìyókù sí i, ohùn bàbá mi ti pàdé tèmi láti ẹnu ọ̀nà, àwa méjèèjì sì jọ sọ ọ́ pọ̀:

“Owó ẹ̀ ti lé!”

Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin aláṣọ funfun kan ti fi orí lé èjìká ẹni tí kò mọ̀ rí. Ṣíbí mẹkáníìkì dúró sófuurufú, ọbẹ̀ ń kán sí i láyà, kò sì mọ̀. Ewúrẹ́ gan-an ń ké. Bàbá mi, tí mo rò pé ó ń tijú mi, la ẹnu tán, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé mo rí àlàfo eyín kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, máìkì lọ́wọ́ mi, mò ń wò wọ́n bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí òkun. Mo rò pé èmi ni mo mú ẹ̀rín náà wá. Mo tún wò ó, mo rí i pé ó ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà ló ń wá.

Èmi àti bàbá mi la jọ rìn lọ sílé.

“Bàbá, ẹ má bínú,” mo ní.

“Nítorí kí ni?”

“Ti gọ́tà.”

Ó ń yí okùn mọ́ ọwọ́. Ó wá ní, “Kí lo máa sọ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀?”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lójú ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti bi mí léèrè nǹkan kẹ́yìn, ó ti pẹ́ gan-an.

“Mi ò tíì mọ̀.”

“O fo ti fìlà.”

“Fìlà wo?”

“Fìlà mi. Orí ìwo àgbò ló há sí.” Ó bú sẹ́rìn-ín kó tó parí ẹ̀. “Nígbà tí alhájà ń bèèrè pé, ‘Bàbá, ṣé kò sí,’ àgbò ló ń wò.”