Agogo Inú Ọgbà Àwọn Ará Japan

Lọ́dún tí owó epo já wálẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Taradale, àdúgbò kan ní Calgary ní Canada, ni mò ń gbé. Èmi ni mò ń tọ́jú ọmọbìnrin rẹ̀, torí owó daycare ti ga jù. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi, ibi méjì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní Bùrọ̀dá, jẹ́ ẹnjiníà nílé iṣẹ́ epo.

Mi ò kàwé púpọ̀, ojú sì máa ń tì mí láàárín èèyàn. Ìkíni nìkan ni ohùn mi máa ń jáde sí dáadáa. Bí Bùrọ̀dá bá wọlé nírọ̀lẹ́, màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Á ní, "Ò o, o ṣé."

Nígbà tí snow bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, kò dáhùn ìkíni iṣẹ́ mọ́. Tí mo bá ní "Ẹ káàbọ̀," á dáhùn. Tí mo bá ní "Ẹ kú iṣẹ́," á máa wá ibi tó máa gbé bàtà rẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kan mo mú ọmọ lọ ra sálúbàtà ní ilé ìtajà Sunridge. Ọ̀sán kò tíì pọ́n. Mo rí ọkọ̀ Bùrọ̀dá níbi tí wọ́n ń páàkì sí. Ó jókòó sínú rẹ̀, akoto iṣẹ́ wà lórí itan rẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì tí ẹ̀gbọ́n mi dì fún un láàárọ̀. Mo yí ojú ọmọ sí ibòmíràn. Àbúrò ìyàwó ni mo jẹ́, kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu mi jáde.

Nínú oṣù Karùn-ún, Bùrọ̀dá ní ilé iṣẹ́ fún òun nísinmi, pé ká lọ wo òdòdó nínú ọgbà àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe bíi ti Japan, ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì sí Calgary. Obìnrin tó mú wa yípo sọ pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba kó àwọn ará Japan kúrò nílé wọn létí òkun, wọ́n sì kó lára wọn wá sí agbègbè yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Ilé wọn ńkọ́?" Bùrọ̀dá bi í léèrè.

"Ìjọba tà á," ni obìnrin náà wí.

Àwọn igi náà kò ní ewé, òdòdó funfun ló bò wọ́n, bí aṣọ tí wọ́n ta bo nǹkan tí wọn ò fẹ́ kéèyàn rí. Atẹ́gùn ibẹ̀ le. Ó ń já òdòdó náà sórí omi, sórí ikùn ẹ̀gbọ́n mi tí oyún ti hàn.

Ọmọ pariwo, "Mummy, it's snowing!"

"Snow kọ́, òdòdó ni." Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó bọ́ bàtà. "Dádì, mo ti pinnu o. Lọ́la ni màá fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi bó ṣe wú. Ẹ̀yin ẹ máa bọ́ wa ná."

"Ó dáa," ni Bùrọ̀dá wí. Omi ló ń wò.

Mo fa ọwọ́ aṣọ ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀."

"Ìwọ tá a máa ń bẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀? Ṣé o fẹ́ bá mi gbé oyún ọ̀hún ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Bùrọ̀dá wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀ pé mo mọ̀. Ó dìde, ó lọ síbi agogo ńlá kan tí wọ́n so igi gígùn kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àlejò láti lù. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró títí ohùn rẹ̀ fi kú tán, kó tó tún lù ú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé bí ọmọ ìjọ bá kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ má lù ú bẹ́ẹ̀ yẹn. Ta ló kú?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Iṣẹ́ wo?"

"Layoff. Kí snow tó yọ́."

"Níbo wá lẹ ń lọ láàárọ̀?" Ó na ọwọ́ dá igi agogo náà dúró. "Oúnjẹ tí mò ń dì fún yín ńkọ́?"

"Mò ń jẹ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ti ẹsẹ̀ wíwú náà bọ bàtà padà. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." A padà dé Taradale, níbi tí pátákó ilé títà ti wà níwájú ilé mẹ́ta ní àdúgbò wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti jáde ká tó jí. Kò fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀, ó lọ bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fi kún wákàtí iṣẹ́ òun ni. Bùrọ̀dá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, akoto lọ́wọ́. Ó wo orí tábìlì níbi tí oúnjẹ rẹ̀ máa ń wà. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i káàárọ̀, ó sì kọjá lára mi.

Mo gbọ́ tó tan ọkọ̀. Mi ò gbọ́ tó lọ. Ọkọ̀ náà ń kùn níwájú ilé títí mo fi wẹ ọmọ tán, tí mo fi bu ìrẹsì sínú ike, tí mo sì gbé e jáde. Mo kan gíláàsì ọkọ̀ náà. Ó yíjú, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó sì gba ike náà lọ́wọ́ mi.