Ọkọ Mi Àtijọ́ Ní Ẹjọ́ Kò Tẹ́ Òun Lọ́rùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀, mo fẹ́ ròyìn ohun tójú mi rí lọ́wọ́ ọkọ tí mo ti kọ̀ sílẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà tó, ẹ máa rántí ìgbà tí owó epo pọ̀ nílùú. Ìgbà yẹn ni Dèjì wá fẹ́ mi ní Èsìẹ́. Kọńtírákítọ̀ ni, ó ní Pijó 504 kan tó mọ́ tónítóní, ó sì máa ń fun fèrè rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ìlú títí dé iwájú ilé wa. Ta ni kò ní tẹ̀ lé e? Mo tẹ̀ lé e lọ sí Ọ̀mù-Àrán, a bí Fúnkẹ́.

Àṣé ọwọ́ tó ń fun fèrè náà ló máa ń gbáni létí. Nígbà tó di ọdún kẹfà, mo kó ẹrù mi, mo lọ sí kóòtù, wọ́n tú wa ká. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà, mo ń ránṣọ mi jẹ́jẹ́.

Ìgbà tó yá, nǹkan le. Iṣẹ́ kọńtírákítọ̀ gbẹ, gbogbo wa ń tò sórí ìlà nítorí mílíìkì àti ṣúgà ìjọba tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ́nkò. Pijó Dèjì ti wà lórí búlọ́ọ̀kù, adìẹ ń yé sínú ẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá rántí pé òun níyàwó! Ó ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní rárá. Ó tún wá. Mo tún ní rárá.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kò béèrè mọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Mo tẹrí ba sídìí maṣíìnì, mo kàn rí òjìji. Dèjì ti gbé àpótí tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó lé sókè. Mo fi apá òsì bo orí. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ṣadé, tó ń lọ ata ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ló gbà mí. Kò pariwo, kò ké sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé abọ́ ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tán, ó dà á sí Dèjì lójú! Ata rodo pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata oníbàárà ni o! Dèjì ju àpótí sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ, kò ríran, ó já sínú gọ́tà. Títí ìrọ̀lẹ́ ni oníbàárà yẹn ń béèrè ata rẹ̀.

Kí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi di apá mi ní ọsibítù tó gbẹ, àwọn àgbà ti dé. Wọ́n ní ká parí ẹ̀ nílé, pé ìbínú ni, pé bàbá ọmọ mi ṣáà ni. Ẹ̀gbọ́n mi, Búọ̀dá Jákọ́ọ̀bù, tíṣà ni ní Èsìẹ́, ló dá wọn lóhùn. Ó bi wọ́n pé ta nínú wọn ló máa yá mi ní apá. Wọ́n dìde lọ, àwa náà gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Níwájú májísíréètì, Dèjì búra pé òun ò sí nílùú lọ́jọ́ náà, pé Àràndùn lòun wà, níbi ìsọmọlórúkọ. Májísíréètì gbọ́ tèmi, ó gbọ́ ti Ìyá Ṣadé, ó ka ìwé dókítà, ó ní kí ọ̀gbẹ́ni lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan àtààbọ̀.

Ṣé ẹ rò pé ó parí? Dèjì gba lọ́yà, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí kóòtù gíga ní Ìlọrin. Mo ní, kí ló ń jẹ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn? Èmi tí apá mi kán àti òun, ta ló yẹ kó má tẹ́ lọ́rùn?

Wọ́n gba béèlì rẹ̀. Ó wá ń gun alùpùpù kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á juwọ́ sí mi: "Màmá Fúnkẹ́, ó di Ìlọrin o!"

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Kí oòrùn tó wọ̀ ni mo ti ń tilẹ̀kùn. Apá òsì mi kò nà tán mọ́, ọmọ iṣẹ́ ló ń bá mi di aṣọ mú tí mo bá ń rán an. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, àpótí nìkan kọ́ ló máa gbé wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í múra ohun tí màá sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! Búọ̀dá Jákọ́ọ̀bù ń tún gẹ̀ẹ́sì mi ṣe bí ẹni pé mo fẹ́ ṣe ìdánwò. Tí mo bá ti ní "My lord, this man," àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á pàtẹ́wọ́. Ìyá Ṣadé náà ń múra. Ó fọ abọ́ ata ọjọ́ náà, ó dì í sínú ìborùn, ó ní ẹlẹ́rìí nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Àwa mẹ́ta wọ ọkọ̀ láti àárọ̀ kùtù, a gba Àjàṣẹ́-Ìpo. Ní Gánmọ̀, awakọ̀ yà tò fún epo bẹntiróòlù, àyà mi ń já pé wọ́n á dá a sílẹ̀ kí n tó dé. A débẹ̀, wọn ò tíì jókòó.

Mo lọ bá akọ̀wé kóòtù, mo ní a ti dé láti wá jẹ́rìí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní nǹkan kan. Ìwé tí wọ́n kọ ní kóòtù ìsàlẹ̀ làwọn adájọ́ máa wò."

Ìwé kẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Ìyá Ṣadé ní, "Ẹ ò tiẹ̀ ní wo abọ́?" Akọ̀wé ní kó gbé e sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Adájọ́ méjì wọlé, pẹ̀lú irun funfun lórí. Ìyá Ṣadé kúnlẹ̀ kí wọn bí ẹni ń kí ọba, títí ọlọ́pàá fi gbé e dìde.

Lọ́yà Dèjì mọ̀ ọ́n sọ, kí n má tàn yín. Ó ní oníbàárà òun wà ní Àràndùn. Ó ní èéfín ẹ̀rọ ata kò lè jẹ́ kí Ìyá Ṣadé dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀. Ògbufọ̀ ń túmọ̀ gbogbo ẹ̀ fún Dèjì. Àwọn adájọ́ ń mi orí, ń kọ̀wé. Mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú.

Ni Dèjì bá nawọ́ sókè! Lọ́yà rẹ̀ fà á láṣọ pé kó jókòó. Kò gbọ́. Ó ní gbogbo ohun tí lọ́yà sọ lòótọ́ ni, Àràndùn lòun wà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun òun ni ọdún kan àtààbọ̀ yẹn.

"Olúwa mi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fi àpótí yẹn gbá a! Ata tí wọ́n dà sí mi lójú ńkọ́?"

Ògbufọ̀ wojú adájọ́, ó béèrè bóyá kí òun túmọ̀ ìyẹn. Adájọ́ tó dàgbà jù ní kó má ṣe ìyọnu, Yorùbá ni òun náà. Ó wá bojú wo Dèjì:

"Ṣé Àràndùn náà ni wọ́n ti da ata sí ọ lójú?"

Ẹ̀rín bú! Lọ́yà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́.

Nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́, adájọ́ ní àwọn ò tilẹ̀ lo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ yẹn, pé ohun tó wà nínú ìwé ti tó. Ó ní, "Pé obìnrin ti fẹ́ ọ rí kò sọ apá rẹ̀ di tìrẹ." Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ dúró bó ṣe wà.

Mo rò pé màá jó. Mi ò lè jó. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòtù, mo sunkún bí ọmọdé, Ìyá Ṣadé sì ń ra wàrà fún mi, ó ń bú ẹni tó ń tà á pé wàrà rẹ̀ kéré. A dé ilé, àwọn àgbà tó ní ká parí ẹ̀ nílé náà ló kọ́kọ́ wá kí mi kú oríire!

Dèjì ṣẹ̀wọ̀n tán, ó jáde. Lọ́jọ́ kan ó kí mi láti òdìkejì títì. Mo jẹ́ ẹ. Kò sọdá.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: tí wọ́n bá nà yín, ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ gba ìwé, ẹ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá kí ará ilé tó pa yín lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ. Ìwé dókítà tí mo rò pé bébà lásán ni, òun ló bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti sọ fún yín rí pé kẹ́ ẹ lọ parí ẹ̀ nílé? Èsì wo lẹ fún un? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá ka gbogbo rẹ̀.