Páálí Òròmọdìyẹ Méjì Lójú Òfurufú

Ìyá Òròmọ ni wọ́n ń pè é nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin adìyẹ di òròmọ. Òun ló ń kó àwọn òròmọ sínú páálí, ó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ bíbí inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀nà lọ́rì ló mọ̀. Ó mọ̀ pé òròmọ ọlọ́jọ́ kan ṣì ní oúnjẹ ẹyin nínú, ebi kò ní í tètè pa á. Ṣùgbọ́n bí ooru bá mú un nínú páálí, ó parí. Ìdí nìyí tí ihò fi wà lára páálí.

Ọkọ̀ òfurufú ni kò mọ̀.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lókè òkun, ló bá fẹ́ máa sin adìyẹ. "Èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín kó ni mo fẹ́," ló wí. Ọ̀nà ọ̀hún jìn: wákàtí mẹ́fà lójú òfurufú, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀, kí wọ́n tún fò fún wákàtí mẹ́jọ. Ìyá Òròmọ rántí pé nígbà tí àbúrò yìí kọ́kọ́ rin ìrìn àjò náà, ó ní òtútù inú ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí òun. Àánú àwọn òròmọ ṣe é. Ó kó wọn sínú páálí méjì, ó fi téèpù dí àwọn ihò rẹ̀, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè.

Dírẹ́bà tó kó wọn lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú padà dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ìyá Òròmọ, àwọn ọmọ yín ti di ará òkè òkun, èmi ṣì wà níbí!"

"Ọlọ́run á ṣọ́ wọn. Mo ti dí ihò wọn kí òtútù má baà wọlé."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu dírẹ́bà. "Ẹ dí kí ni? Ibi tí wọ́n ń kó ohun ẹlẹ́mìí sí nínú ọkọ̀, wọ́n máa ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni o! Ẹ ò sì bi mí!"

"Lọ gbà wọ́n padà."

"Padà kẹ̀? Ìṣojú mi ni ọkọ̀ òfurufú gbéra."

Ó pe ilé iṣẹ́ akẹ́rù títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó tẹ nọ́ńbà àbúrò rẹ̀, ó pa á. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pa á. Ọkùnrin náà ti gba ilé adìyẹ, ó ti da ìyẹ̀fun igi sílẹ̀, ó ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí òun bá dákẹ́, àbúrò òun yóò rò pé ìrìn àjò ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Àbúrò mi, mo ti ba nǹkan jẹ́."

Ó rò ó fún un tán. Ọkùnrin náà kígbe: "Ẹ̀gbọ́n mi! Òtútù tí mo sọ yẹn, aṣọ penpe ni mo wọ̀! Ẹ jẹ́ n pe àwọn tó wà níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkọ̀."

Ìyá Òròmọ padà sídìí páálí àwọn oníbàárà mìíràn. Ó ń ti ìka bọ ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń wo aago ara ògiri. Wákàtí mẹ́fà pé, ó kọjá. Àbúrò rẹ̀ ránṣẹ́ pé ẹnì kan ti ṣèlérí láti wò wọ́n. Ìlérí kọ́ ni ìṣe. Oúnjẹ rẹ̀ wà nílẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ kejì, fóònù dún, àbúrò rẹ̀ ni.

"Wọ́n bá wa ṣí téèpù náà. Páálí òkè dára. Ti ìsàlẹ̀..." Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn kan ṣì ń mí. Mo ti fún wọn lómi."

"Mélòó ló kú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Kò béèrè mọ́. Ó ń gbọ́ igbe àwọn òròmọ lẹ́yìn ohùn àbúrò rẹ̀. Ó tẹ́tí, ó tẹ́tí, kò lè fi igbe mọ iye tó kù láàyè.